Láàbù Méjì, Èsì Méjì: Ta Ni Ká Gbà Gbọ́ Lórí Omi Kànga Wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akóbọ̀ là ń gbé, n'Íbàdàn níbí. Kànga inú ọgbà wa jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 24. Nínú oṣù Kejì, a gbé omi rẹ̀ lọ sí láàbù kan, wọ́n ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Nínú oṣù Keje, lẹ́yìn tí ìgbẹ́ gbuuru ti ṣe àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀mejì, a gbé e lọ sí òmíràn, wọ́n ní kòkòrò ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní E. coli wà nínú rẹ̀, 46 nínú mílílítà 100. Sókàwéè (kòtò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń rì sí) bàbá onílé ẹ̀yìn wa kò ju ìṣísẹ̀ 12 lọ sí kànga wa. Nígbà tí mo mú ìwé náà lọ bá wọn, wọ́n ní ìtàn òyìnbó ni, pé omi náà mọ́ gaara, pé òun làwọn ti ń mu kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní láàbù méjì tí ò lè fẹnu kò lórí omi kan ṣoṣo, owó ni wọ́n ń wá. Wọ́n tún ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń ba àyíká jẹ́, kì í ṣe tálákà tó gbẹ́ kòtò sórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ta ló sì yẹ kó sanwó àtúnṣe?

ÌDÁHÙN: Èsì méjèèjì lè jẹ́ òótọ́. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti mú un, torí ibẹ̀ ni iyèméjì Bàbá ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù.

Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn. Orí àpáta yẹn ni amọ̀ àti yangí wà, àárín wọn sì ni ọ̀pọ̀ kànga tí à ń fọwọ́ gbẹ́ ti ń rí omi. Nínú oṣù Kejì, omi inú ilẹ̀ ti fà lọ sísàlẹ̀. Ohunkóhun tó bá máa ti sókàwéè dé kànga ní láti kọ́kọ́ la amọ̀ gbígbẹ kọjá, amọ̀ yìí sì ń dá kòkòrò dúró bí asẹ́ ṣe ń dá èérí ògì dúró. Tó bá fi máa di oṣù Keje, òjò ti mú omi ilẹ̀ gòkè, ó lè ti kan ìdí sókàwéè fúnra rẹ̀. Asẹ́ ti kúrò láàárín nìyẹn. Tí ibì kan bá tún wà tí àpáta ti là, omi á gba ojú ìlà náà kọjá láìsí ohun tó sẹ́ ẹ rárá.

Bí ẹ ṣe bu omi náà ńkọ́? Ìgò tí láàbù ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń bu ú, kì í ṣe ìgò omi oníke tí a ṣan. Ẹ kì í fọwọ́ kan ẹnu ìgò, ẹ kì í fi ìdérí rẹ̀ lélẹ̀, ẹ ò sì ní fi omi kànga ṣan inú rẹ̀. Inú kúlà tí yìnyín wà ni kó wà, kó dé láàbù láàárín wákàtí 6. Omi tó bá ti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nínú ọkọ̀ lábẹ́ oòrùn, èsì rẹ̀ kò ṣe é gbára lé, yálà ó dára tàbí kò dára. Ẹ béèrè lọ́wọ́ láàbù méjèèjì bí wọ́n ṣe gba omi yẹn. Tí ọ̀kan nínú wọn bá gbà á nínú ìgò mínírà, ẹ fi èsì tiẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Iye tí òfin omi mímu nílẹ̀ wa àti àjọ ìlera àgbáyé gbà láyè fún E. coli nínú mílílítà 100 ni òdo. Inú ìfun ènìyàn àti ti ẹran ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná ni kòkòrò yìí ń gbé, nítorí náà tí a bá rí i nínú omi, ìgbẹ́ ti débẹ̀ láìpẹ́. Òun náà ló dá Bàbá lóhùn lórí ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń da ohun tó burú ju ti sókàwéè lọ sínú odò, ó sì yẹ kí wọ́n dáhùn fún un. Ṣùgbọ́n èéfín ilé-iṣẹ́ kì í bí E. coli. Èyí tó wà nínú kànga yín, nítòsí ló ti wá.

Ní ti omi tó mọ́ gaara, 46 nínú mílílítà 100 kò lè yí àwọ̀ omi padà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún gan-an kò lè yí i padà. Ẹni tó bá ń da álọ́ọ̀mù sínú kànga, ó kàn ń mú kí ìdọ̀tí rẹlẹ̀ ni, kòkòrò ṣì wà. Ní ti pé wọ́n ti ń mu ún tipẹ́, àgbà tó ń jẹ́rìí pé omi kò ṣe òun ní nǹkan ni ẹni tí omi kò pa. Àwọn ọmọdé tí ìgbẹ́ gbuuru gbé lọ nígbà yẹn, tí wọ́n ń pè ní àbíkú, wọn ò sí níbí láti jẹ́rìí tiwọn. Ilé kò sì fún pọ̀ báyìí nígbà náà.

Ẹ má bá Bàbá jiyàn pé "sáyẹ́ǹsì ló sọ bẹ́ẹ̀". Kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ gba ìwé láàbù gbọ́ torí pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí i. Ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Soho ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà John Snow ní omi ẹ̀rọ Broad Street ló ń pa àwọn ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀ràn ìgbà náà kò gbà, wọ́n ní òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ni. Omi yẹn sì dùn lẹ́nu débi pé wọ́n ṣì ń bu ún lọ fún opó kan tó ti kó lọ sí Hampstead, tó jìnnà síbẹ̀. Ó mu ún, àrùn náà sì pa á. Àlùfáà kan, Henry Whitehead, kò gba Snow gbọ́ rárá. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń bi àwọn ará àdúgbò rẹ̀ léèrè, kó lè fi hàn pé Snow ṣì í. Ìbéèrè yẹn ló gbé e dé ilé onínọ́ńbà 40 ní Broad Street, níbi tí ìyá kan ti da omi tó fi fọ aṣọ ìdí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn sínú kòtò ìdọ̀tí. Nígbà tí wọ́n hú ibẹ̀ lọ́dún 1855, àárín kòtò náà àti kànga kò tó mítà kan, bíríkì rẹ̀ sì ti jẹrà. Ẹni tó ṣiyèméjì ló rí ẹ̀rí tó lágbára jù, torí pé ó dìde lọ wò ó. Irú iyèméjì yẹn ni kí ẹ bẹ Bàbá fún.

Ẹ ti ọ̀dọ̀ ara yín bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ wo ìfami yín. Tó bá jẹ́ orí ilẹ̀ tútù lẹ́bàá kànga ló ń sùn, tí adìyẹ ń rìn kọjá lórí okùn rẹ̀, tí ọmọ sì ń jù ú sínú kànga láàárọ̀, òun nìkan tó láti kó 46 wọnú omi. Ẹ fi ìṣó kọ́ ìfami àti okùn sókè, ẹ ṣe ìdérí sí kànga, kí ẹ tó na ìka sí ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi kólórínì fọ kànga. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ àti ìjìn omi inú rẹ̀. Kànga tí ríǹgì rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 1, tí omi rẹ̀ jìn ní mítà 3: 0.5 × 0.5 × 3.14 × 3, ó jẹ́ nǹkan bíi lítà 2,350. Gíráàmù 3 kólórínì oníyẹ̀fun ti 65% ni ẹ máa lò fún lítà 100, ìyẹn gíráàmù 70 fún gbogbo rẹ̀. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ bílíìsì olómi tí kò ní òórùn dídùn, tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, lítà 1.35 ni. Ẹ pò ó mọ́ omi nínú ike, ẹ dà á yí ògiri kànga ká, ẹ fi ìfami pò ó títí, kí òun àti okùn náà lè rẹ nínú rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ máa fà á dànù títí òórùn kólórínì á fi lọ. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ń pani. Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ ìfami tó ń lo bẹntiróòlù sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, àní fún ìṣẹ́jú márùn-ún, torí èéfín rẹ̀ máa ń pa ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó tún bu omi lọ sí láàbù. Omi tí kólórínì ṣì wà nínú rẹ̀ yóò fún yín ní òdo tí kì í ṣe òdo. Tí E. coli bá ti padà dé, tí kànga ní ìdérí, tí ìfami sì mọ́, inú ilẹ̀ ló ń gbà wọlé.

Àkókò yìí gan-an ni kí ẹ pe Bàbá síbi ìdánwò iyọ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ ra mítà TDS, tó ń wọn iyọ̀ àti èròjà tó yọ́ sínú omi, ohun kékeré bíi bírò tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ ìsẹ́mi. Fún ọjọ́ 5, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ka nọ́ńbà omi yín àti ti kànga mìíràn kan tó jìnnà sí ibẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ po kílò 20 iyọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù omi kan, ẹ dà á sínú sókàwéè, kì í ṣe inú táǹkì tí ìgbẹ́ kọ́kọ́ ń bọ́ sí, torí iyọ̀ púpọ̀ lè ba iṣẹ́ kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ níbẹ̀ jẹ́. Ẹ máa kà á lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ọmọ ilé Bàbá máa bá yín kà á. Tí tiyín bá gbéra láti 310 lọ sí 380, bí àpẹẹrẹ, tí kànga mìíràn náà kò sì mira, ọ̀nà ti wà láàárín sókàwéè àti kànga yín. Tí kànga méjèèjì bá jọ gòkè tàbí jọ wálẹ̀, òjò ni. Tí kò bá sí ìyípadà, kò túmọ̀ sí pé sókàwéè jàre. Omi ilẹ̀ lè máa ṣàn sí apá ibòmíràn, tàbí kó máa rìn jẹ́jẹ́. Ẹ má lo aró oúnjẹ dípò iyọ̀, amọ̀ pupa wa máa ń gbé e mì.

Ẹ tún bi Bàbá léèrè, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: ìgbà wo ni wọ́n fa sókàwéè yẹn kẹ́yìn? Ọ̀pọ̀ onílé ló ń fi yangàn pé tàwọn kò kún rí láti ọdún 15, torí pé ẹni tó gbẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ kan omi. Ohun tó ń wọlé lójoojúmọ́ tí kò kún, ibì kan ló ń lọ.

Ní ti owó, ìjìnnà tí wọ́n sábà máa ń ní kó wà láàárín kànga àti sókàwéè ni mítà 30. Ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan, 50 ní 100 ẹsẹ̀ bàtà, gbogbo gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 30. Ìṣísẹ̀ 12 yín jẹ́ nǹkan bíi mítà 9. Nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí Bàbá nìkan, sókàwéè àwọn onílé yòókù tó yí yín ká náà wà níbẹ̀, tiyín pẹ̀lú. Tèmi ni pé kí ẹ̀yin sanwó kànga: ẹ fi sìmẹ́ńtì dí ojú ìpàdé àwọn ríǹgì láti òkè dé mítà 3, ẹ gbé etí kànga sókè tó sẹ̀ǹtímítà 75, ẹ da kọnkéré mítà 1.5 yí i ká, kó dagun síta. Kí Bàbá sanwó kòtò tiwọn: kí wọ́n fa á, kí wọ́n dí i, kí wọ́n kọ́ táǹkì tí ìdí rẹ̀ ní kọnkéré sí apá tó jìnnà jù, kí sókàwéè tuntun má sì jìn, kí ìdí rẹ̀ fi ó kéré tán mítà 1.5 ga ju ibi tí omi ilẹ̀ ń dé lásìkò òjò. Tí wọn ò bá gbà lẹ́yìn gbogbo èyí, àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ lè wá wò ó, kí wọ́n sì fún wọn ní ìwé pé kí wọ́n tún un ṣe láàárín ọjọ́ tí wọ́n bá dá. Ẹ kọ́kọ́ gbé e dé ìpàdé àwọn onílé o, torí ẹ jọ máa gbé pọ̀ ni.

Títí tí ìyẹn á fi parí, ẹ se omi mímu títí tí yóò fi hó yaya, tàbí kí ẹ fi sìríǹjì fa mílílítà 1 bílíìsì 3.5% sí lítà 20, kó dúró fún ìṣẹ́jú 30. Tó bá rú, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sọ bílíìsì di mílílítà 2. Tí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 bá wà nílé tó ń mu mílíìkì inú agolo, ẹ má fi omi kànga yẹn pò ó, kódà bí ẹ bá sè é. Omi tí sókàwéè bá ń wọ̀ sábà máa ń ní nitrate, èròjà tó lè ṣe ọmọ ọwọ́ ní jàǹbá, sísè kò mú un kúrò, ṣe ló ń mú un ki sí i. Kí láàbù bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀. Kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan.