Gbígbé orúkọ olùdìbò láti Ìbàdàn wá sí Ìkòtún: ohun tí ojú mi rí

Arábìnrin wa, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ sọ pé Ìbàdàn ni ẹ ti gba káàdì ìdìbò yín kí ẹ tó kó wá sí Ìkòtún, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè fi káàdì yẹn dìbò nígbà tí ìdìbò káńsù bá tún dé ní Èkó, tàbí kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́tun, àti bóyá ọkọ yín lè bá yín gba káàdì tuntun nítorí iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ ráyè. Bí káàdì náà ṣe wà yìí, kò wúlò fún yín ní Ìkòtún. Ẹ kò sì gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́tun, kódà bí òṣìṣẹ́ kan bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín pé ìyẹn ni ó yá jù. Ńṣe ni kí ẹ gbé orúkọ yín kúrò ní Ìbàdàn wá sí ibi tí ẹ ń gbé.

Ohun tí ó máa ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé àjọ méjì ni ó wà nídìí rẹ̀. INEC, àjọ elétò ìdìbò ti ìjọba àpapọ̀, ni ó ń forúkọ olùdìbò sílẹ̀, òun náà ni ó sì ń tẹ káàdì. Ṣùgbọ́n àjọ ìdìbò ìpínlẹ̀ ni òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 gbé ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ lé lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní LASIEC ní Èkó àti OYSIEC ní Ọ̀yọ́. Ìwé orúkọ tí INEC kó jọ ni àjọ ìpínlẹ̀ ń lò, kò sí òmíràn tí ẹ ó tún forúkọ sí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun lè fi orúkọ yín sínú ìwé ìdìbò káńsù, gbájú-ẹ̀ ni. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni gbígbé orúkọ, ọ̀fẹ́ sì ni káàdì.

Fọ́ọ̀mù kíkún kò le rárá. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní cvr.inecnigeria.org, ẹ sì lè lọ sí ọ́fíìsì INEC ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ ń gbé, kí ẹ mú káàdì àtijọ́ dání, kí ẹ sì sọ pé orúkọ ni ẹ fẹ́ gbé. Ohun yòókù kò ju kí ẹ dáhùn ohun tí wọ́n bá bi yín. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ibùdó ìdìbò tí ẹ fẹ́ yàn ni kí ẹ la ojú yín sílẹ̀ dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí èmi náà kó láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn, mo kọ orúkọ ibùdó tí mo fẹ́ sórí bébà, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ó wà lẹ́yìn ilé mi, mo sì fà á lé òṣìṣẹ́ tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ wo bébà náà dé ìsàlẹ̀. Ibùdó tí ó kọ́kọ́ yọ sí i lójú ni ó tẹ̀, ó ní kí n máa lọ ilé, pé wọn yóò pè mí. Títí di òní olónìí, n kò rí ẹni tí ó pè mí. Mo padà lọ béèrè káàdì, wọ́n ní kò tíì dé. Mo tún lọ, wọ́n ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí lórí ìjókòó. Nígbà tí a wá rí ẹni kọ́kọ́rọ́, wọ́n gbé páálí kan jáde tí wọ́n fi bírò kọ orúkọ wọ́ọ̀dù mi sí lára, káàdì kún inú rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà dì wọ́n ní ìdì-ìdì. Obìnrin tí ó ń ṣí i fi itọ́ pa àtàǹpàkò, ó ń ṣí wọn wàrà-wàrà bí ẹni tí ń ka owó, n kò sì tíì parí orúkọ bàbá mi tí ó fi ní, "Kò sí." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi wo àwọn páálí yòókù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó bi mí bóyá èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun ní iṣẹ́ òun.

Ọ̀gá wọn kan jáde láti yàrá inú, ó sì fi gẹ̀ẹ́sì ńlá ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ mi ní Àbújá, pé kí n ní sùúrù. Inú máa ń bí mi títí di òní bí mo bá rántí àlàyé yẹn, nítorí pé káàdì tí ó ní ó wà ní Àbújá wà nínú yàrá tí a jọ dúró sí, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àgùnbánirọ̀ kan tí kò tíì pẹ́ níbẹ̀ ni ó gbà mí. Ó ní kí n ka nọ́ńbà olùdìbò mi fún òun, èyí tí wọ́n ń pè ní VIN, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó wo ibùdó tí ó jáde, ó sì lọ tààrà sí páálí wọ́ọ̀dù mìíràn, ó fa káàdì mi yọ. Eruku ti bo ìdérí páálí náà. Abẹ́ ibùdó tí ọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn tẹ̀ ni wọ́n tò ó sí, ní òdìkejì ìlú sí ilé mi. Káàdì ti wà lọ́wọ́ mi o, ṣùgbọ́n mo ní láti tún bẹ̀rẹ̀ gbígbé orúkọ láti ibùdó tí n kò yàn sí èyí tí mo yàn, ìdìbò káńsù tí mo tìtorí rẹ̀ ń sáré sì kọjá lójú mi.

Nítorí náà, kí ẹ tó dìde níwájú òṣìṣẹ́, ẹ ní kí ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí yín, kí ẹ ka nọ́ńbà ibùdó náà fúnra yín. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí: nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀, méjì tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, méjì mìíràn jẹ́ ti wọ́ọ̀dù, mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn sì jẹ́ ti ibùdó gan-an. 30 ni ti Ọ̀yọ́, 24 ni ti Èkó. Bí ẹ bá gba káàdì tí nọ́ńbà ibùdó ara rẹ̀ ṣì fi 30 bẹ̀rẹ̀, orúkọ yín kò tíì kúrò ní Ìbàdàn, ohun yòówù kí wọ́n sọ fún yín. Ẹ má sì gbára lé orúkọ ibùdó tí àwọn aládùúgbò bá pè fún yín láti orí, nítorí pé ní ọdún 2021 ni INEC sọ ibùdó 119,974 di 176,846 jákèjádò Nàìjíríà, ojúlé kan náà sì lè ní ibùdó méjì tàbí mẹ́ta báyìí, tí nọ́ńbà wọn kò dọ́gba.

Ọkùnrin ìdí kọ̀ǹpútà yìí kan náà ni ó gbà mí nímọ̀ràn, nígbà tí mo padà wá pariwo, pé kí n kúkú forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe é rí. Mo kọ̀ jálẹ̀. Òfin Ìdìbò ka ìforúkọsílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n, ẹ̀rọ tí ń fi ìka àti ojú àwọn ènìyàn wé ara wọn kì í sì í sùn. Nínú 12,298,944 ènìyàn tí ó parí ìforúkọsílẹ̀ kí ìdìbò ọdún 2023 tó dé, INEC yọ 2,780,756 dànù, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ wà nínú wọn, àwọn ọmọdé tí ọjọ́ orí wọn kò tó náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó fún yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò ní bá yín dé kóòtù.

Ìdìbò káńsù Èkó wáyé ní ọdún 2017, 2021 àti 2025, nítorí náà ẹ lè rò pé àyè ṣì pọ̀. Ẹ má rò ó bẹ́ẹ̀. INEC kì í ṣí ìforúkọsílẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, òfin ìdìbò sì fẹ́ kí ìwé ẹni tí ó fẹ́ gbé orúkọ ti wọlé tipẹ́ ṣáájú ìdìbò. Àwọn kan yóò tún máa sọ fún yín pé ìdìbò káńsù kò já mọ́ nǹkan kan. Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, pé gómìnà kò sì lágbára láti fi àwọn tí ó bá wù ú jókòó sípò alága. Ẹni tí yóò máa ná irú owó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí ó ṣe dé ibẹ̀.

Ẹ ó rí i pé "Alimosho" ni káàdì tuntun yóò kọ, kò ní kọ Igando-Ikotun. Kí ó má bà yín lẹ́rù. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni INEC mọ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n LASIEC tún ń ṣètò ìdìbò fún LCDA 37 lé wọn lórí, ìyẹn àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kékeré tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, irú Igando-Ikotun, ibi tí ibùdó yín bá sì wà ni yóò sọ alága tí ìbò yín yóò kà fún. Ní ti ọkọ yín, kò lè bá yín gba káàdì. Àwọn olóṣèlú àdúgbò náà yóò máa kiri, wọn yóò ní kí ẹ fún àwọn ní VIN yín kí àwọn lè fi yín sórí ìwé ìrànwọ́ kan. Ẹ má fún wọn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín tọ́jú káàdì.

Lọ́jọ́ ìdìbò, ìjọba ìpínlẹ̀ sábà máa ń fòfin de ìrìn ọkọ̀, nítorí náà ibùdó tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ni kí ẹ yàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ yín lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kí ẹ tó tò sórí ìlà. Ìwé ìdìbò méjì ni ó yẹ kí wọ́n fún yín, ọ̀kan fún alága, ọ̀kan fún káńsẹ́lọ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní ẹyọ kan, ẹ béèrè èkejì kí ẹ tó kúrò níwájú tábìlì, kí ẹ sì jẹ́ kí yíǹkì gbẹ kí ẹ tó ká ìwé náà ní gígùn, kí àmì ìka yín má baà ran ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn.