Ẹ̀jẹ̀ Mi Kò Ru, Kí Ni Mo Fẹ́ Fi Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Ṣe?

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Gààrí ni mo ń tà ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni ọdún 64 ni mí, ó sì ti pé ọdún 9 tí mo ti ń bá ìtọ̀ ṣúgà yí. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 128/78, dókítà fúnra rẹ̀ ní ó dáa. Ó tún wá kọ lisinopril fún mi, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru! Ẹni tí a jọ ń tajà ní bí mo bá lò ó, ẹ̀jẹ̀ mi á wálẹ̀ débi tí n óò dákú, n kò sì ní lè fi í sílẹ̀ mọ́ láéláé. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí. Kí n lò ó àbí kí n má lò ó?
Ìyá Onígààrí

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má jù ú nù. Orúkọ tí a ń pe oògùn yìí ló dẹ́rù bà yín. Ohun kan wà tí ara wa máa ń ṣe fúnra rẹ̀, tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ bí ẹ ṣe ń fi okùn fún ẹnu àpò gààrí. Lára ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣúgà ti ń ha ògiri iṣan náà tẹ́lẹ̀. Fífún yẹn á wá dá kún un, ọkàn àti kíndìnrín á sì jọ jìyà rẹ̀. Lisinopril kì í jẹ́ kí ara rí nǹkan náà ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti dán an wò. Lọ́dún 2000, àbọ̀ ìwádìí ńlá kan jáde láti Kánádà, HOPE ni wọ́n pè é. Àwọn 3,577 tó ní ìtọ̀ ṣúgà wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí kò tó ọdún 55, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ẹ̀jẹ̀ ń ru. Àwọn kan lo ramipril, ọmọ ìyá lisinopril yín. Àwọn yòókù lo oògùn òfìfo, èyí tí kò ní oògùn kankan nínú. Láàárín ọdún mẹ́rin ààbọ̀, ìkọlù ọkàn fi ìdá 22 nínú 100 dín kù lára àwọn tó lo ramipril, rọpárọsẹ̀ fi ìdá 33 dín kù. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀!

Ti dídákú, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí òyì bá ń kọ́ yín, ẹ jókòó sí etí ibùsùn ná kí ẹ tó dìde. Ti pé ẹ ò ní lè fi í sílẹ̀, kò di bárakú síni lára. Ọjọ́ tí ẹ bá ń lò ó ló ń ṣọ́ yín.

Ẹ gbọ́ ti ikọ́ dáadáa, nítorí lisinopril lè fà á. Àbúrò bàbá mi ní Ṣágámù wú ikọ́ gbígbẹ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ìgò oògùn ikọ́ mẹ́rin ni mo bá lórí fèrèsé wọn. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè oògùn tí wọ́n ń lò, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Nígbà tí dókítà fi oògùn mìíràn, losartan, rọ́pò lisinopril wọn, ikọ́ náà lọ. Bí ó bá ṣe yín, ẹ sọ, ẹ má kàn dá oògùn dúró. Ṣùgbọ́n bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, ẹ má tún lò ó mọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀! Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó ń ṣe àwa aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ.

Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yín lọ yẹ̀ wò lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí kíndìnrín. Ẹ má sì dá oògùn ìrora ibuprofen lò fún orúnkún dídùn láì bi dókítà.

Ẹ ò sọ bóyá wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò. Bí wọ́n bá rí purotéènì níbẹ̀, kíndìnrín ti ń jò nìyẹn, ó sì lè jẹ́ ìdí tí dókítà fi kọ ọ́. Ẹ padà lọ bi í lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì mú ọ̀rá oògùn yẹn dání.