Ẹ Bi Wá: Ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ ọnà pa owó mọ́ l'Ékìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Olùkọ́ ni mí l'Ádó-Èkìtì, mo sì ní ₦300,000 nílẹ̀. Mo gbọ́ iye tí wọ́n ta àwòrán kan tí Ben Enwonwu, oníṣọ̀nà ilẹ̀ wa, yà. Mo fẹ́ ra àwòrán báyìí, kí n tà á lọ́dún méjì sí i, kí n fi èrè rẹ̀ san owó ilé-ìwé ọmọ mi. Ṣé kí n ṣe é?

Ẹ má ṣe é, ẹ jọ̀wọ́. Owó ilé-ìwé ọmọ kọ́ ni à ń fi ra àwòrán. *Tutu* tí ẹ gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ọdún 1974 ni Ben Enwonwu yà á. Ọdún 2018 ni wọ́n tà á ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló wà láàárín. Kí ó tó yà á rárá ni orúkọ rẹ̀ ti kàn: ó ti ṣe ère Ọbabìnrin Elizabeth láti àwọn ọdún 1950.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín. Ẹ ra àwòrán ní ₦300,000, ẹ san ₦40,000 fún férémù. Ká ní lẹ́yìn ọdún méjì, ilé gbàǹjo bá yín tà á ní ₦400,000, wọ́n sì yọ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. ₦60,000 ti lọ nìyẹn, ₦340,000 ló kù. Iye tí ẹ ná gan-an ló padà wá, nígbà tí gbogbo ọjà ti gbówó lórí. Bí ẹ bá sì gbé e padà sí gálárì, ẹ rántí pé ìdá ogójì sí àádọ́ta ni wọ́n sábà máa ń mú lórí ohun tí wọ́n bá tà.

Bó bá jẹ́ owó tí ẹ lè gbàgbé fún ọdún mẹ́wàá ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ ra ẹyọ kan tó dára ju mẹ́ta tí kò ní láárí lọ. Àwòrán orí bébà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí owó rẹ̀ máa ń rọrùn ju ti kánfáàsì lọ lọ́wọ́ oníṣọ̀nà kan náà. Ẹ lọ wo iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ń pàtẹ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ní pólì Auchi àti ti Yaba, kí ẹ sì padà lọ́dún kejì láti mọ àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lára wọn. Ẹni tó dákẹ́ lẹ́yìn ọdún kan, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sábà gbówó lórí.

Ọ̀pọ̀ oníṣọ̀nà á gbà kí ẹ san owó díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ ìsanwó sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ náà máa wà títí owó á fi pé. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lórí rìsíìtì ni orúkọ oníṣọ̀nà, àkọlé, ọdún tó ṣe é, ohun tó fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà (gíga ṣáájú ìbú), iye owó, ọjọ́, àti ìbuwọ́lù. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù nìyí: àwòrán wà lára ògiri, ẹlẹ́rìí rẹ̀ ò sí. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé rírà tí ẹ rà á kò fún yín láṣẹ láti tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà; ẹ̀tọ́ oníṣọ̀nà nìyẹn.

Mo rí 7/25 tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sábẹ́ àwòrán kan. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ẹ̀dà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni oníṣọ̀nà tẹ̀ láti ara pátákó kan náà, ìkeje lèyí. Bí ẹ bá rí A/P, ẹ̀dà tó yọ sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀ ni. Ẹ gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e: bí ẹ bá rí àmì tótòtó kéékèèké tó tò lọ́gbọọgba, fọ́tò tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde ni, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i kò sọ ọ́ di ojúlówó.

Ẹnìkan gbé òpó gbígbẹ́ kan wá bá mi n'Ísẹ̀. Ó ní Olówè ló gbẹ́ ẹ, àti pé owó pọ́ọ́kú ni òun ń bù lé e. Kí n tètè rà á?

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Olówè, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó sin Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, kú ní 1938. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ dé ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, ó sì wà ní British Museum dòní. Òpó ààfin náà kan wà ní Chicago. Iṣẹ́ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í rìn kiri lórí ọ̀kadà.

Bó bá jẹ́ ayédèrú, owó yín ti wọgbó. Bó bá jẹ́ òótọ́, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó lè jẹ́ pé láti ààfin tàbí ojúbọ ni wọ́n ti jí i. Òfin Nàìjíríà ka iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àti èyí tó ṣe pàtàkì tí wọ́n ti lò rí nínú ètùtù tàbí ọdún ìbílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rà á àfi NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tàbí aṣojú tí wọ́n fọwọ́ sí; kò sì gbọ́dọ̀ jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ wọn.

Ọgbọ́n àwọn oníjìbìtì kò pọ̀. Wọ́n á fi èéfín sọ igi náà di dúdú yíká, títí kan abẹ́ tí ọwọ́ kì í dé. Ọwọ́ èèyàn kì í dán nǹkan lọ́nà bẹ́ẹ̀, ibi tí à ń dì mú nìkan ló ń dán. Ẹ fi òwú funfun tó rin díẹ̀ nù ún: àwọ̀ tí wọ́n kùn á bá òwú wá. Ihò tí kòkòrò gbẹ́ máa ń yí kọ́rọkọ̀rọ wọnú. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ lu á lọ gbọọrọ.

Ẹni tó bá fẹ́ igi gbígbẹ́, kó lọ bá agbẹ́gilére tó wà láàyè. Ọ̀yẹ́-Èkìtì níhìn-ín ni àwọn fadá Kátólíìkì ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947, níbi tí gbajúgbajà agbẹ́gilére Lamidi Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ógun tí òun náà jẹ́ agbẹ́gilére. Ìran agbẹ́gilére yẹn kò tíì parun.

Ère tí mo rà ní oṣù kẹsàn-án ti là nígbà tí ọyẹ́ dé. Ṣé wọ́n tàn mí jẹ ni?

Ó lè má jẹ́ ẹ̀tàn. Igi tútù rọrùn láti gbẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn agbẹ́gi fi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ nígbà ọyẹ́, òde igi máa ń gbẹ ju inú lọ, á fà, á sì là. Nígbà míì, ẹ bi wọ́n bóyá igi ọmọ, ìrókò tàbí igi apá ni, àti oṣù mélòó ló lò níbòji lẹ́yìn gbígbẹ́. Ẹ má ki ṣìmẹ́ńtì bọ ibi tó là, nítorí igi á tún wú nígbà òjò, á sì fà á ya jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e kúrò lójú fáànù àti ojú oòrùn, kí ẹ sì gbé e lé orí nǹkan, kó má fara kan ilẹ̀, nítorí ikán. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ti wà nínú rẹ̀: ẹ fi ọ̀rá dì í pa pátápátá, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù lọ́jọ́ náà gan-an.