Kálíkúlétọ̀ wà, ìwé ẹ̀ dà? Ìbéèrè yín àti ìdáhùn wa

Ìbéèrè lórí kálíkúlétọ̀ ti pọ̀ lọ́wọ́ wa báyìí, ẹ jẹ́ ká fi abala tòní yanjú díẹ̀ nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, mánúà, ìyẹn ìwé tó ń júwe bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ, tó yẹ kó bá a wá ni ò bá a wá, tàbí kó bá a wá kí wọ́n sì ti gbé e dànù mọ́ páálí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra kálíkúlétọ̀ fún ọmọ mi ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ pólì, Dùgbẹ̀ ni mo ti rà á, inú ọ̀rá lẹni tó tà á ti yọ ọ́, ò sí páálí ò sí ìwé. Ọmọ ní òun ò mọ̀ ọ́n lò, pé sine 30 tí léktọ́rà ní 0.5 ni, nǹkan míì ló ń gbé jáde fóun. Mo ti wá ìwé ẹ̀ dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìwé tí mo mọ̀, wọn ò ní in. Níbo ni mo ti lè rà á? — Ìyá Dámilọ́lá, Ìbàdàn

Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó ọmọ o, ẹ ó jèrè ẹ̀. Ẹ má wá a ní ṣọ́ọ̀bù ìwé mọ́ jàre, wọn ò lè ní in, torí ìwé yẹn kì í ṣe ọjà tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, inú páálí ni iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ń kó o sí, tí ọlọ́jà bá sì ti tú páálí, ó ti parí nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun máa bá yín wá ojúlówó ẹ̀ kẹ́ ẹ mówó wá, fótókọ́pì ló máa gbé fún yín, ẹ kúkú ṣe tiyín fúnra yín kó dín owó kù.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú kálíkúlétọ̀ yẹn lókè, ẹ máa rí lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀. Casio fx-991 ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ pólì, àmọ́ téèyàn bá sọ fx-991 kò tíì sọ nǹkan kan, lẹ́tà tó tẹ̀lé e lọ̀rọ̀ wà. MS wà, ES PLUS wà, EX wà, CW náà ti dé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ sine 30 yìí náà. Ẹ̀rọ yín ò bàjẹ́ o, ó jọ pé radian ló wà dípò degree (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn igun ni méjèèjì), tó bá jẹ́ −0.988 ló ń gbé jáde, òun náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ MS, kí ọmọ tẹ MODE lẹ́ẹ̀mẹrin, Deg, Rad àti Gra á yọ, kó wá tẹ 1. Tó bá jẹ́ ES PLUS, SHIFT ni yóò tẹ̀, kó tẹ MODE, kó wá tẹ 3. Tó bá jẹ́ EX, ó di SHIFT, MENU, 2, lẹ́yìn náà 1. Ohun kan náà ni wọ́n fẹ́ ṣe o, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà débẹ̀, ẹ ò rí i pé tẹ́ ẹ bá lọ mú ìwé ES PLUS fún ẹni tó ní MS, ìyà lẹ fi jẹ ọmọ.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ orúkọ ẹ̀, kí ọmọ lọ sórí support.casio.com, kó wá ibi tí wọ́n kó mánúà kálíkúlétọ̀ sí, kó tẹ orúkọ yẹn, PDF ló máa jáde, ọ̀fẹ́ ni. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ní kó kọ nọ́ńbà káàdì báńkì kó tó rí mánúà, kó sá kúrò ńbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáìlì tí orúkọ ẹ̀ bá parí sí .exe, ìyẹn kì í ṣe ìwé, kó má ṣí i rárá.

Ibì kan wà tó máa ń kó àwọn ọmọ wa sí wàhálà, mo fẹ́ dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Mánúà fx-991MS àtijọ́ kì í ṣe ẹyọ kan, méjì ni. Àkọ́kọ́, òun àti àwọn ẹ̀rọ MS kéékèèké ni wọ́n jọ ń lò ó, ìṣirò ojoojúmọ́ ló wà níbẹ̀, ìdá, lọ́ọ̀gì, sine àti cosine, àti ìṣirò statistics. Wọ́n kọ User's Guide 2 sí iwájú ìkejì, pẹ̀lú Additional Functions lábẹ́ ẹ̀, inú ìyẹn ni matrix, vector, complex number àti integral wà, ìyẹn gbogbo ohun tí pólì tìtorí ẹ̀ ní kí wọ́n ra 991. Ọmọ á dáúnlóòdù àkọ́kọ́, á wo ojú ìwé dé òpin, kò ní rí matrix, á wá ní kálíkúlétọ̀ òun ò ní matrix. Ó ní in kẹ̀! Ìwé kejì ni kò rí. Ẹ rí i pé ó gba méjèèjì.

Tó bá kan títẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi PDF ránṣẹ́ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lórí WhatsApp, àmọ́ ẹ má kàn ní kí wọ́n tẹ gbogbo ẹ̀ o. Ìwé pélébé bí àtẹ́lẹwọ́ ni mánúà yẹn látilẹ̀, tí wọ́n bá fẹ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kún odidi bébà A4, lẹ́tà á kàn tóbi gbàǹgbà bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, owó yín á sì lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú ìwé méjì sórí bébà kan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ níwájú-lẹ́yìn. Tí ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bá mọ Adobe Reader lò, kó mú Booklet níbi tí wọ́n ti ń ṣètò ìtẹ̀wé, bébà á to ara ẹ̀ bí ìwé gidi, kí wọ́n wá ká a sí méjì kí wọ́n fi pín-ìn-nì gún un láàárín, ó tán. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ojú ìwé kan wò, ẹ wo àwòrán bọ́tìnnì inú ẹ̀. Tó bá jẹ́ àpótí ṣófo ló wà níbi tó yẹ kí SHIFT àti MODE wà, orí fóònù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tàbí kọ̀ǹpútà wọn ò ní lẹ́tà ẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn.

Àwọn kan á ní ṣebí YouTube wà. Ó wà lóòótọ́, mi ò bá wọn jà, àmọ́ dátà ò sí lójoojúmọ́, iná náà ò sí lójoojúmọ́, léktọ́rà tó sì ń lé fóònù jáde nínú kíláàsì ò lé bébà.

Ẹ kú déédé ìwòyí o. Ilé ìwé ọmọ mi obìnrin níbí ní kó mú kálíkúlétọ̀ TI-84 wá, ọwọ́ ẹnì kan tó ti lò ó ni mo ti rà á, ìwé ò bá a wá. TI-83 tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lò láyé ọjọ́un ní ìwé gìdìgbà kan, ó ṣì wà nínú garage. Ṣé wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́ ni? Ọmọ yìí ò fẹ́ ka nǹkan lójú screen rárá. — Bàbá Ìbejì, Houston

Bàbá Ìbejì, ẹ kú àjò o. Ẹ lọ gbé ìwé yẹn jáde nínú garage kí eku tó bá yín kà á. TI-83 jáde lọ́dún 1996, ìwé ńlá ló ń bá a wá lóòótọ́, nígbà tó yá wọ́n wá ń fi CD síbẹ̀, nísinsìnyí bébà péńpé tó máa júwe bí wọ́n ṣe ń tàn án lẹ máa rí nínú páálí, ìyókù ti lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tẹ́ ò sọ fún mi ni irú TI-84 tó jẹ́. Tó bá jẹ́ mẹ́rin nínú bátìrì AAA ló ń lò, tí ojú ẹ̀ ò sì láwọ̀, TI-84 Plus ti ọdún 2004 nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ kan náà lòun àti TI-83. Tó bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní kọ́lọ̀ lójú, tẹ́ ẹ ń cháàjì ẹ̀ bíi fóònù, TI-84 Plus CE ni, ọdún 2015 lòun jáde.

Tó bá jẹ́ ti bátìrì, ìwé inú garage yẹn á ṣiṣẹ́ dáadáa. Bọ́tìnnì márùn-ún tó tò sábẹ́ screen, Y=, WINDOW, ZOOM, TRACE, GRAPH, ọ̀kan náà ni wọ́n, bí wọ́n ṣe ń ya gráàfù ò sì yí padà. Ibi tí ọmọ ti máa sọnù ni matrix, torí TI-83 ní bọ́tìnnì MATRX tiẹ̀, orí 84 ẹ̀, APPS ló ti gba ibẹ̀, matrix ti kó lọ sábẹ́ 2nd àti bọ́tìnnì x⁻¹. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò owó, ìyẹn FINANCE, ń gbé tẹ́lẹ̀ lórí 83, òun náà ti kó wọ inú APPS. Kí ọmọ fi bírò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀gbọ́n ẹ̀, kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ CE, ẹ lọ sórí education.ti.com, ẹ wá guidebook, ìyẹn mánúà ẹ̀, níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ 2nd, ẹ tẹ +, ẹ tẹ 1, ẹ máa rí nọ́ńbà OS, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, tó wà lórí tiyín. Ẹ̀rọ àlòkù, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á má tíì mú OS ẹ̀ lọ síwájú láti ọjọ́ tó ti rà á, guidebook tuntun á wá máa júwe mẹ́nù tí kò sí lójú ẹ̀, ọmọ á rò pé òun ló yọ̀dẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi okùn USB gbé OS tuntun sí i. Ẹ má sì tẹ odidi ìwé o, ẹ bi tíṣà ẹ̀ léèrè orí wo nínú ìwé ni wọ́n máa lò lọ́dún yìí, ẹ tẹ orí yẹn nìkan ní láíbìrì àdúgbò yín, kí wọ́n fi sípírà dì í. Àwọn tó ń ta ìwé àlòkù lórí eBay náà ní ìwé TI-83 Plus fún ẹni tí ò ní garage bíi tiyín.

Mo jẹ́ sọ̀fẹ́yọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Kálíkúlétọ̀ HP-41CV ni mo fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ikán ló jẹ ìwé ẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi ń kọ́ surveying, mo fẹ́ gbé e fún un pẹ̀lú ìwé ẹ̀. — Bàbá Sọ̀fẹ́yọ̀, Abẹ́òkúta

Bàbá, a dọ̀bálẹ̀ fún yín sà. Ọmọ-ọmọ yín rí nǹkan jẹ o. Inú mi dùn pé ẹ ní ẹ máa gbé e fún un tòun tìwé, torí ẹ̀rọ yẹn ò ṣeé gbé fún ọmọ ìsinsìnyí lásán, kò ní bọ́tìnnì = kankan. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ rò ó mọ́, àmọ́ ọmọ tó bá fẹ́ ro 5 mọ́ 3 á tẹ 5, á tẹ +, á tẹ 3, á wá máa wá ibi tó máa tẹ̀ kí ìdáhùn jáde, kò ní rí i. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé 5, ENTER, 3, kó wá tẹ + ni, àfi ẹ̀yin tàbí ìwé.

HP-41C jáde lọ́dún 1979, CV tiyín tẹ̀lé e lọ́dún 1980, wọ́n ti dáwọ́ ẹ̀ dúró lọ́dún 1990, ẹ má dààmú láti wá ìwé ẹ̀ tuntun. Orúkọ tẹ́ ẹ máa wá ni HP-41C/41CV Owner's Handbook and Programming Guide. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ihò mẹ́rin tó wà lókè ẹ̀rọ yẹn, tí módù (ike kékeré tó ń fi ètò kún ẹ̀rọ) kan bá ṣì wà nínú ọ̀kan, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Ọ̀pọ̀ sọ̀fẹ́yọ̀ ìgbà yẹn ló ń lo Surveying Pac, módù kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwé tirẹ̀, kò sí nínú ìwé ẹ̀rọ. Ó lè jẹ́ méjì ni ikán jẹ o Bàbá, ìkejì yẹn gan-an lọmọ máa lò jù.

Ọ̀nà méjì ló wà. Museum of HP Calculators wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní hpmuseum.org, wọ́n ti ya àwòrán ìwé HP àtijọ́ lọ́pọ̀, wọ́n ń ta àkójọ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bébà ìgbà yẹn gan-an, ẹ ní kí ọmọ yín tó wà l'Ámẹ́ríkà tàbí London bá yín wò ó lórí eBay, kó ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ojú ìwé tó kẹ́yìn ránṣẹ́, torí ẹ̀yìn ìwé ló máa ń kọ́kọ́ já. Tó bá jẹ́ PDF lẹ rí gbà, ẹ má gbé e lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ìwé yẹn nípọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé Ṣómólú l'Ékòó, kí wọ́n rán an kí wọ́n fi páálí líle bò ó.

Kálíkúlétọ̀ Graph 90+E ni ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sí mi láti Paris. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbí, mi ò sì rí ìwé ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. — Akẹ́kọ̀ọ́, Àjàṣẹ́

Àbúrò, orúkọ tí Casio ń pè é ní Faransé nìyẹn. Níbòmíì, fx-CG50 ni wọ́n ń pè é. Wá fx-CG50, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ á jáde, tó bá sì jẹ́ Faransé lo fẹ́ fi ṣèdánwò, dúró ti Graph 90+E.

Kálíkúlétọ̀ mi ò ní orúkọ kankan lára, "Scientific Calculator" nìkan ni wọ́n kọ sí i. Mánúà wo ni kí n wá? — Sàmú, Ọ̀ṣogbo

Ayédèrú Casio ni, ìwọ náà mọ̀. Ìyẹn ò ní kó má ṣiṣẹ́, ẹni tó dà kọ lo máa wá. Tẹ SHIFT, kó o tẹ MODE. Tó bá gbé Mcl, Mode àti All jáde, MS ló dà kọ. Tí ìyẹn ò bá jáde, tẹ SHIFT kó o tẹ 9, tó bá jẹ́ Setup, Memory àti All lo rí, ES PLUS ni. Nínú méjèèjì, 3 ni All, tẹ̀ ẹ́ kó o sì tẹ =, ẹ̀rọ á padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tó jáde, lẹ́yìn náà kó o wá ṣí mánúà láti ojú ìwé àkọ́kọ́.