Mo Gbé Ọkọ̀ Mi Sókè, Wọ́n Ní Wáráńtì Ti Kú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún tó kọjá ni mo ra píkọ́ọ̀pù tuntun. Mo fi lift kit gbé e sókè ní ínǹṣì mẹ́ta, mo sì wọ táyà tó ga ní ínǹṣì 33 fún un. Máìlì 22,000 péré ló rìn tí AC fi kú. Àwọn dílà tí mo gbé e lọ bá kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Wọ́n ní wáráńtì mi ti kú torí pé mo gbé ọkọ̀ sókè, kí n san 1,600 dọ́là. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n tú lift kit náà kí n tó padà lọ?
Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì san kọ́bọ̀. Mo mọ ooru Houston dáadáa. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tún ọkọ̀ ṣe níbẹ̀, lẹ́yìn tí mo gba fúríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Mushin. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ọ yẹn, mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ. Ó sì máa ń dùn mí, torí àwọn èèyàn wa a kàn gbà, wọn a sì sanwó.

Wáráńtì kì í kú lódindi bẹ́ẹ̀. Láti 1975 ni òfin Amẹ́ríkà kan ti wà tí wọ́n ń pè ní Magnuson-Moss. FTC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó o, sọ pé wọn ò gbọdọ̀ kọ àtúnṣe fún ọ kìkì nítorí pé o fi pààtì ilé-iṣẹ́ mìíràn sára ọkọ̀. Àfi tí wọ́n bá fi hàn pé pààtì yẹn gan-an ló fa ìbàjẹ́. Àwọn ló sì máa fi hàn, kì í ṣe ìwọ. Ní 2022, FTC mú Harley-Davidson tó ń ṣe alùpùpù lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ní kí wọ́n tún ìwé wáráńtì wọn kọ.

Ó yá, ọkọ̀ tìrẹ. Ara ẹ́ńjìnnì ni kọ̀ńpírẹ́sọ̀ AC wà, bẹ́líìtì ló ń yí i. Ìdí ṣọ́kù ni lift kit wà. Jẹ́ kí ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn fọwọ́ kan ibi tí méjèèjì ti pàdé. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn ọ́: ká ní ṣáàfùtì iwájú ló ń ró kọ-kọ-kọ, tàbí bẹ́árìn ló jẹ, èmi gan-an á gbà fún wọn. Ọkọ̀ tó ga máa ń jẹ́ kí ṣáàfùtì dagun ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, jóìǹtì rẹ̀ á sì tètè jẹ.

Ohun kan tún wà tí èèyàn kì í rò. Táyà ńlá ń rìn jìnnà ju kékeré lọ ní yíyípo kan, mítà ò sì mọ̀. Tó bá jẹ́ táyà 31 ló bá ọkọ̀ wá, tí ẹnikẹ́ni ò tún mítà ṣe, 22,000 yẹn lè ti tó 23,400. O ṣì wà nínú 36,000 tó wọ́pọ̀ nínú wáráńtì, àmọ́ lọ tún un ṣe, kí wọ́n má baà rí ẹnu sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju lift kit lọ ni brain box, kọ̀ńpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, tí àwọn ọmọ ń tún ètò inú rẹ̀ kọ kí ọkọ̀ lè sáré. Èmi ni mo ṣí ẹ́ńjìnnì ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣe bẹ́ẹ̀. Písítìn kan ti lu. Kó tó gbé e wá, ó ti dá brain box padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ náà ti ka iye ìgbà tí wọ́n kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, kò lè pe ìyàwó rẹ̀. Kò sí òfin tó lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìwọ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Padà lọ bá ọ̀gá wọn, ní kí wọ́n ṣí i wò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí ìwé: kí ló bàjẹ́, báwo ni lift kit ṣe bà á jẹ́? Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń fẹnu sọ, wọn ò jẹ́ fọwọ́ kọ ọ́. Mú risíìtì ẹni tó bá ọ gbé ọkọ̀ sókè dání. Tí wọ́n bá ṣì kọ̀, pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ gan-an, torí àwọn ló ni wáráńtì, kì í ṣe dílà. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan Justice Court: ní Texas, wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ owó tó tó 20,000 dọ́là, o sì lè rojọ́ fúnra rẹ láìgba lọ́yà.

Lift kit yẹn, má tú u. Ojú bóòtù tó ti há máa hàn kedere, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun mìíràn tí o fi pamọ́. Gbé ọkọ̀ náà lọ bó ṣe wà.