Kí Ni Rédà Ń Rí Níbi Tí Kò Sí Ìkùukùu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo gbọ́ pé rédà kan wà tó ń rí ìgbì nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí 20 kìlómítà sókè, níbi tí òjò kì í dé. Kí ló ń rí níbẹ̀? Ṣé Àpáta Olúmọ lè dá irú ìgbì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀?
Òǹkàwé yín ní Ìbarà, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń rí. Afẹ́fẹ́ òkè kò dọ́gba: ibì kan móoru díẹ̀, ibì kan tutù díẹ̀. Rédà ń rán ìgbì rédíò sókè, ó sì ń gba èyí tó bá padà. Rédà tó ń lo 50 MHz (ìgbì mílíọ̀nù 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), ìgbì rédíò rẹ̀ gùn tó mítà 6. Ìyàtọ̀ tó bá tẹ̀ léra ní mítà 3 síra wọn ló ń dá a padà wálẹ̀. Èyí tó ń padà kò tó nǹkan rárá, ìdí nìyẹn tí áńtẹ́nà rẹ̀ fi ń gba ilẹ̀ bíi pápá. Ti Jicamarca, nítòsí Lima ní Peru, fẹ̀ tó mítà 300 níbùú lóròó. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Woodman àti Guillén ti fi hàn ní 1974 pé rédà lè rí afẹ́fẹ́ stratosphere, ìyẹn ìpele afẹ́fẹ́ tó wà lókè ibi tí òjò ti ń wá.

Ẹ wo omi odò Ògùn bó ṣe ń gba orí òkúta kọjá: á gbé sókè, ìwúwo rẹ̀ á fà á wálẹ̀, á sì tún gbé sókè. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà ń ṣe, ìyẹn sì ni ìgbì tí ẹ béèrè. Ní stratosphere, ìgbì afẹ́fẹ́ tó yára jù ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 kó tó lọ kó tó bọ̀, nítorí náà ó yẹ kí rédà máa wò ó ní ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹni tó bá kó wákàtí kan pọ̀ ṣe ìdọ́gba ti pa ìgbì kéékèèké rẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni ìdojúkọ áńtẹ́nà. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ní mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí áńtẹ́nà tó yẹ kó kọjú sókè gan-an sì fi dígírì 1 péré yẹ̀, rédà yóò sọ pé afẹ́fẹ́ ń gòkè tàbí ń sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 35 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Irọ́ ni, irọ́ náà sì lè ju òótọ́ tí à ń wá lọ.

Olúmọ kéré jù fún irú ìgbì yìí. Òjò alááràá ló ń ṣe é lọ́dọ̀ wa: ó ń ti afẹ́fẹ́ sókè títí yóò fi gbún stratosphere nísàlẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ mú un tan rédà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kó má sì pa á fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tó bá dá. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́, 50 MHz ń rí afẹ́fẹ́ àti ẹ̀kán omi papọ̀ nísàlẹ̀. Eré tí omi ń sá bọ̀ nílẹ̀ la fi ń yọ ọ́ kúrò.