Èsì: Tesla inú Murdoch Mysteries, ṣé ó gbé ayé rí?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá Tesla tó ran ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Murdoch lọ́wọ́ ní apá kìíní Murdoch Mysteries, eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Kánádà, jẹ́ ènìyàn gidi. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọdún 1856 ni wọ́n bí Nikola Tesla, onímọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, ní ilẹ̀ tó di Croatia lónìí, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 1884. Àríyànjiyàn lórí irú iná mànàmáná tó yẹ kí ìlú lò náà wáyé lóòótọ́: Thomas Edison, olùpilẹ̀ṣẹ̀ ará Amẹ́ríkà, fara mọ́ iná DC, tó ń ṣàn gba ọ̀nà kan ṣoṣo, Tesla àti George Westinghouse, oníléeṣẹ́ ará Amẹ́ríkà, fara mọ́ iná AC, tó ń lọ tó ń bọ̀. AC ló borí, torí ó rọrùn láti gbé rìn jìnnà. Òun náà ló ń wọ ilé wa n'Íbàdàn. Murdoch ní tiẹ̀, àròsọ ni.

Ó wù mí gan-an kí àwọn eléré tiwa náà dán irú eré bẹ́ẹ̀ wò, tó ń fi ènìyàn gidi sínú àròsọ! Ọdún 1893 ni Ìbàdàn tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí Captain Bower sì di Rẹ́sídẹ́ǹtì àkọ́kọ́, ìyẹn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. A mọ Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga tí wọ́n kọ́ sí Òkè Aàrẹ ní ìrántí rẹ̀, àmọ́ mélòó nínú wa ló mọ ọkùnrin náà? Kí wọ́n fi í sínú ẹjọ́ ìpànìyàn kan ní Ọjà'ba, kí ọmọ Ìbàdàn sì jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó máa tú àṣírí rẹ̀.